Ṣé dandan ni kí n “múra bí obìnrin” kí n tó di máníjà àgbà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Igbákejì máníjà ni mí ní òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 140. Ọdún kọkànlá mi rèé nínú iṣẹ́ yìí, orí tábìlì ìgbàlejò ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo gẹ irun mi mọ́lẹ̀, ṣòkòtò ni mò ń wọ̀ sí iṣẹ́, mi ò kì í kun ètè, ohùn mi sì ki. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí ní “Bọ̀ọ̀dá” lẹ́yìn. Àlejò tí inú ń bí á wò mí tòkè-tilẹ̀, á ní máníjà gan-an lòun fẹ́ rí. Òótọ́ ni pé mo máa ń jágbe nígbà mìíràn, torí bí mi ò bá jágbe wọn kì í gbọ́. Ipò máníjà àgbà ti ṣófo báyìí. Ọ̀gá wa ní iṣẹ́ mi dára, ṣùgbọ́n kí n rọ̀ díẹ̀, kí n sì máa múra bí obìnrin kí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ tó lè gbà mí. Ọ̀gá yìí kan náà ló sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí tábìlì ìgbàlejò wa kò lè ṣe máníjà láéláé, torí pé ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì ń ju ọwọ́ bí obìnrin tó bá ń sọ̀rọ̀. Ṣé kí n yí ìrísí mi padà ni? Àbúrò yín, Igbákejì.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, “kí n rọ̀ díẹ̀” yẹn ló bí mi nínú. Nígbà kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ìwọ, wọ́n ní o le jù. Òun, wọ́n ní ó rọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ipò kan náà ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ rírọ̀ ni wọ́n ń wá lóòótọ́, òun ni wọn ì bá ti sáré pè. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí obìnrin jọ obìnrin lójú wọn, kí ọkùnrin jọ ọkùnrin, kí wọ́n tó ráyè wo iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe.

Má yí ìrísí rẹ padà nítorí ipò yìí. Ìdáhùn mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó yẹ kí o tún ṣe, kì í sì í ṣe aṣọ. Màá débẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, kò sì síbi tí òwe yẹn ti ń ṣiṣẹ́ tó inú òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń ta ìṣó, ìṣó ló ń tà. Ní tiwa, ara wa wà nínú ọjà. Ẹ̀rín ẹni tó wà lórí tábìlì, ìdúró ẹni tó ṣílẹ̀kùn, ohùn ẹni tó gbé fóònù, àlejò sanwó lé gbogbo rẹ̀. Ní 1983, Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, wo iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú èrò inú bàálù, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀yàyà òṣìṣẹ́ àti bó ṣe ń pa ìbínú rẹ̀ mọ́ra ti di apá kan iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fi gbà pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ ètè rẹ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì kò ní dán an wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dijú rèé. Ní 1974, Sandra Bem, onímọ̀ saikọ́lọ́jì, ṣe àkójọ ìwà 60 tí èèyàn lè fi wọn ara rẹ̀: 20 tí àwọn tó bi léèrè kà sí ohun tó wuyì lára ọkùnrin, 20 tó wuyì lára obìnrin, 20 tí kò yà sápá ẹnì kankan. Lábẹ́ obìnrin, wàá rí àánú, òye, kí èèyàn mọ ohun tí ẹlòmíràn ń fẹ́, kó máa yá a lára láti tu ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nínú. Lábẹ́ ọkùnrin, wàá rí “ó ní ẹ̀bùn ìṣàkóso” àti “ó ń ṣe bí aṣáájú”. Aṣáájú pàápàá, wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ ọkùnrin kí ẹnikẹ́ni tó wọlé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Fi àkójọ yẹn wé ilé-iṣẹ́ tiwa. Ohun tí òtẹ́ẹ̀lì ń tà fún àlejò, lábẹ́ obìnrin ló pọ̀ sí. Ohun tí wọ́n fi ń yan ọ̀gá, lábẹ́ ọkùnrin ló wà. À ń fi ti ìṣáájú pa owó, à ń fi èkejì pín ipò.

Nọ́ńbà náà sì bá a mu. Ìwádìí tí àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ káàkiri ayé, 54 ló jẹ́ obìnrin, nígbà tó jẹ́ 39 péré nínú gbogbo iṣẹ́ ajé lápapọ̀. Owó tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń gbà fi ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọkùnrin. Àwọn ló pọ̀ jù, àwọn la ń san owó kékeré fún.

Ìṣòro tìrẹ gan-an ní àlàyé tirẹ̀. Virginia Schein ti rí i ní 1973 pé tí àwọn máníjà bá ń ṣàpèjúwe máníjà tó dáńtọ́, àpèjúwe ọkùnrin ló máa ń jọ. Alice Eagly àti Steven Karau wá sọ ní 2002 pé ọ̀bẹ olójú méjì ló dojú kọ obìnrin tó bá fẹ́ ṣe olórí: bó bá ń ṣe bí wọ́n ti ń retí lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n á ní kò lágbára, bó bá ń ṣe bí wọ́n ti ń retí lọ́wọ́ olórí, wọ́n á ní ìwà rẹ̀ ò dáa. Nítorí náà, àbúrò mi, bí o bá kun ètè lọ́la tí o sì rẹ ohùn sílẹ̀, ojú ọ̀bẹ kan lo kúrò lórí rẹ̀. Èkejì ń dúró dè ọ́. Mo ti rí obìnrin tó gba ìmọ̀ràn yìí, tó kó síkẹ́ẹ̀tì àti bàtà gogoro wọ̀ fún odidi ọdún kan. Nígbà tí ipò ṣí, wọ́n ní èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò lójú ọ̀gá.

Kí n sọ̀rọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Èdè tí èmi àti ìwọ fi ń kọ̀wé yìí kì í bi èèyàn bóyá akọ ni tàbí abo kó tó pè é ní “ó”. Ọ̀gá ò ní akọ, kò ní abo. O pè mí ní ẹ̀gbọ́n, o ò sì tíì béèrè bóyá ọkùnrin ni mí tàbí obìnrin, síbẹ̀ o gbà pé mo lè mọ iṣẹ́. Àmọ́ èdè yìí kan náà ló ń fi “obìnrin bí ọkùnrin” yin èèyàn, tó sì ń fi “ọkùnrin bí obìnrin” bú èèyàn. Ìwọ àti ọmọkùnrin yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń lù yín, àfi pé tìrẹ máa ń wá pẹ̀lú àpọ́nlé díẹ̀ nígbà mìíràn, tirẹ̀ kì í ní.

Jẹ́ kí n sọ ti irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí. Òru ọjọ́ kan, àwọn tó ń gba yàrá sílẹ̀ ti ta yàrá ju iye tó wà nílẹ̀ lọ. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tó ti sùn lé e léjìká. Kò sí yàrá. Ọkùnrin náà gbá tábìlì, ife tí a ń kó bírò sí sì ṣubú. Súpáfáísọ̀ wa, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀gá gidi, fọwọ́ lẹ́rán, ó ní kó má pariwo níbí. Ohùn ọkùnrin náà tún lọ sókè. Ọmọkùnrin tí mò ń wí yìí jáde lẹ́yìn tábìlì. Kò dúró kọjú sí àlejò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dúró sí, àwọn méjèèjì jọ ń wo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ìṣòro kan náà jọ dé bá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé àlejò ní láti dákẹ́ kó tó lè gbọ́ ọ. Ó ní, “Àwa la jẹ̀bi, sà. Mo ti gba yàrá fún yín ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwa la ó sanwó rẹ̀, mọ́tò ti wà níta. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé báàgì yìí kí ọmọ má bàa jí.” Kí súpáfáísọ̀ tó sọ̀rọ̀ ariwo tán, ọmọkùnrin yìí ti tẹ òtẹ́ẹ̀lì kejì láago. Ohùn pẹ̀lẹ́ ń yọ obì lápò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ta ni wọ́n fi ṣe máníjà òru? Súpáfáísọ̀ ni. Wọ́n ní òun ló lójú ọ̀gá.

Mo wà nínú ìpàdé tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí.

Ó yẹ kí n wá débi ọ̀rọ̀ ijágbe rẹ báyìí. Láti ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ ọ. Auguste Escoffier, ará Faransé, tó ṣe alásè nínú iṣẹ́ ológun nígbà ogun 1870, ló to ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ńlá bí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun, olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀, àṣẹ ń ti òkè wá. Ètò yẹn ṣì wà títí dòní, àwọn èèyàn sì rò pé ariwo bá a wá ni. Escoffier fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ariwo, kò sì fẹ́ èébú ní ilé ìdáná rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e ló kó ètò rẹ̀ tí wọ́n sọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ nù, tí wọ́n wá ń pe jíjágbe ní ìwà ọ̀gá.

Èmi náà jágbe rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe, wọ́n ní ohùn mi dà bíi ti ọmọdé, ni mo bá lọ yá ohùn ẹlòmíràn lò. Wọ́n ń gbọ́ràn, mo sì rò pé mo ti yege. Lọ́jọ́ kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti òkè àjà yàrá 207 sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò. A gòkè lọ sí 307, a bá páìpù abẹ́ báńsìnnì tó ti sán, tí ẹnì kan ti fi tówẹ́ẹ̀lì wé. Ọmọbìnrin tó ń tún yàrá náà ṣe ti rí i láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ máa pariwo mọ́ mi ni.” Owó tí a fi tún àjà, kápẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀dì ṣe, ohùn mi ló jẹ ẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá rẹ ní kí o rọ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan méjì ti lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀: ohùn rẹ tó ki, tó jẹ́ ti ìṣẹ̀dá, àti ijágbe, tó jẹ́ àṣàyàn. Ti àkọ́kọ́ kò kan ẹnikẹ́ni. Èkejì, fi í sílẹ̀, kì í ṣe torí pé obìnrin ni ọ́, torí pé ó ń fi ìròyìn pa mọ́ fún ọ ni. Màá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin náà.

Ìyẹn fún wa ní òṣùwọ̀n fún gbogbo ìyókù. Gbogbo òfin ìmúra tí wọ́n bá gbé wá, bi í pé: ṣé iṣẹ́ ló ń béèrè é, àbí ojú? Bàtà tí kì í yọ̀, irun tí a dì ní ilé ìdáná, èékánná kúkúrú níbi oúnjẹ, aṣọ tó mọ́ tí a lọ̀, káàdì orúkọ láyà, iṣẹ́ ló ń béèrè àwọn wọ̀nyí, ọkùnrin àti obìnrin ló sì kàn. Ètè kíkùn kì í gba àlejò lọ́wọ́ iná. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìrísí ti jẹ́ nǹkan ńlá fún náà ti ń yí padà: ní 2019, Virgin Atlantic sọ pé kì í ṣe dandan mọ́ kí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù wọn kun ojú, ní 2020, Japan Airlines jẹ́ kí tiwọn wọ ṣòkòtò, wọ́n sì fagi lé òfin bàtà gogoro. Bàálù wọn ṣì ń fò.

Bó bá wá di ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Ó dá lórí ibi tí o wà, lọ́yà ló sì lè sọ ti ibẹ̀ fún ọ. Àmọ́ ẹjọ́ méjì kan wà ní Amẹ́ríkà tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ irú lẹ́tà yìí. Ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó Price Waterhouse ni Ann Hopkins wà. Ní 1982, wọ́n fa èèyàn 88 kalẹ̀ láti di alájọni níbẹ̀. Òun nìkan ni obìnrin, ó sì ti bá wọn gba iṣẹ́ olówó gọbọi lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n dá tirẹ̀ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá gbà á nímọ̀ràn pé kó máa rìn bí obìnrin, kó máa sọ̀rọ̀ bí obìnrin, kó máa múra bí obìnrin, kó kun ojú, kó ṣe irun, kó kó ohun ọ̀ṣọ́ sára. Àbí ìwọ àtòun lẹ jọ ní ọ̀gá kan? Ní 1989, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gbà pé fífi irú èrò bẹ́ẹ̀ díwọ̀n obìnrin jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ tí òfin kọ̀, nígbà tó sì yá, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ kí wọ́n fún un ní ipò rẹ̀.

Darlene Jespersen, ọmọ iṣẹ́ tiwa gan-an ni. Ó ti tó nǹkan bí 20 ọdún tó ti ń ta ọtí ní báà kàsínò Harrah's ní ìlú Reno, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì lẹ́gbin. Ní 2000, òfin tuntun jáde pé dandan ni kí obìnrin kun àtíkè àti ètè. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ kun nǹkan kan. Ó ní ó ń tàbùkù òun, kò sì jẹ́ kí òun lè ṣe iṣẹ́ òun bó ti yẹ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2006, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ẹjọ́ náà fún kàsínò, adájọ́ méje sí mẹ́rin. Kí ló fà á? Pàtàkì nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rí nínú ìwé ẹjọ́ tó fi hàn pé òfin náà ń gba owó àti àkókò lọ́wọ́ obìnrin ju ọkùnrin lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ó ń gbà á. Kò sí nínú ìwé ni.

Ohun tó yẹ kó jẹ ọ́ lógún nìyẹn: kó wà nínú ìwé. Padà lọ bá ọ̀gá rẹ, láìbínú, kí o bi í pé, “Nínú iṣẹ́ máníjà àgbà, èwo ni ìmúra mi kò ní jẹ́ kí n lè ṣe?” Kí o sì dákẹ́. Má bá a dáhùn. Bó bá rí iṣẹ́ kan tọ́ka sí, o ti rí nǹkan kọ́. Bí kò bá rí, fi ímeèlì ṣọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì: “Ẹ ṣé fún ìjíròrò wa lánàá. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ fẹ́ kí n máa múra báyìí báyìí kí n tó lè gba ipò náà. Bí mi ò bá gbọ́ ọ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi.” Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń rọrùn lẹ́nu ni kì í fẹ́ kí wọ́n kọ òun sílẹ̀. So tìrẹ mọ́ ọn: iye ẹ̀sùn àlejò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ àti iye tó parí kí àlejò tó kúrò, iye òṣìṣẹ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ, yàrá tó kún ní oṣù tí ọ̀gá wà ní ìsinmi tí ìwọ ń dá ilé darí. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ń ka nọ́ńbà kíákíá ju bí wọ́n ti ń wo irun lọ.

Ti àlejò tó ń wá “máníjà gan-an” rọrùn. Orí tábìlì ni kí o ti tún un ṣe. Kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé wọn ò gbọdọ̀ sọ pé “ẹ jẹ́ kí n pe ẹnì kan”. Kí wọ́n sọ pé “máníjà wa ń bọ̀”, tí o bá sì dé kí wọ́n dárúkọ rẹ pẹ̀lú ipò rẹ. Kí ipò náà wà lórí káàdì àyà rẹ ní lẹ́tà ńlá. Bí àlejò bá pè ọ́ ní “sà”, tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín, kí o máa bá ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ lọ. “Bọ̀ọ̀dá” ti ẹ̀yìn yẹn, ìwọ lo mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló wà níbẹ̀ tàbí ẹ̀gàn. Bó bá ti dé iwájú àlejò, dá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an.

Bó bá wù ọ́ láti kun ètè lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mi ò ní pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ẹbí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí o sáà mọ̀ pé ohun tí o bá fi gba ipò ni wàá máa fi jókòó síbẹ̀, láràárọ̀, fún ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá sì gbé ipò náà fún ẹlòmíràn láìrí ohun kan tọ́ka sí lẹ́yìn gbogbo èyí, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ìrírí tí èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó rà á.

Ó ku ọmọkùnrin yẹn. O kò lè dá ipò tìrẹ fún ara rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ lò ń kọ ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ tirẹ̀. Lọ́dún yìí, má kọ “ó ní sùúrù” síbẹ̀, torí wọn á kà á sí àléébù. Kọ ọjọ́ tí àlejò ń bínú, kọ ohun tó sọ, kọ ohun tó ṣe, kọ iye owó tí ilé-iṣẹ́ ì bá pàdánù. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé ipò wo ló yẹ fún un lẹ́yìn èyí, kọ máníjà, kí o sì fọwọ́ sí i.